Káìtì Olókùn Méjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Títò Ó àti Fífi Í Dárà

Kí ni káìtì olókùn méjì, kí ló sì fi yàtọ̀ sí èyí tí ọmọdé ń fi ọ̀rá àti ìgbálẹ̀ ṣe?

Okùn kan ni káìtì ọlọ́ràá tí a ṣe nígbà èwe ní. Ó gòkè, ó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ gbé e sí, iṣẹ́ ẹni tó dì í mú kò sì ju kó tú okùn tàbí kó ká a lọ. Olókùn méjì ní okùn kan lọ́wọ́ òsì, òmíràn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fa ọ̀tún, á yí sí ọ̀tún. Ẹ fa òsì, á yí sí òsì. Ẹ mú ọwọ́ méjèèjì dọ́gba, á lọ tààrà síbi tí imú rẹ̀ kọjú sí, ì báà jẹ́ òkè, ì báà jẹ́ ilẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Paul Garber ṣe káìtì tí a ń fi okùn méjì darí fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè máa fi í kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn sí ọkọ̀ òfurufú. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Peter Powell, ará Gloucestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ irú káìtì bẹ́ẹ̀ di ohun tí tọmọdé tàgbà ń rà. Àrà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ìyẹn mímú káìtì yí, dojú bolẹ̀ tàbí fi ẹ̀yìn sùn nígbà tí okùn bá dẹ̀, kò gbilẹ̀ títí di ẹ̀yìn ọdún 1990, nígbà tí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù àti okùn Dyneema ti wọ́pọ̀.

Orúkọ wo ni ká máa pe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀?

Ṣóńṣó òkè ni imú. Láti imú ni ọ̀pá apá méjì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ṣóńṣó apá òsì àti ti ọ̀tún. Ọ̀pá ẹ̀yìn gba àárín kọjá láti imú dé ìdí. Ìdábùú òkè kúrú. Ìdábùú ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n sì pàdé nínú rọ́bà kan lójú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pá ìtì ni àwọn tín-ín-rín tó ń ti aṣọ kúrò lára ìdábùú ìsàlẹ̀ kí aṣọ lè ní ikùn.

Ìjánu ni àwọn okùn kúkúrú tó wà níwájú káìtì. Lápá kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ọ̀kan sí òkè, ọ̀kan sí ìta, ọ̀kan sí àárín. Ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, tí a ń so okùn mọ́, ni mo ń pè ní ojú ìso.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ ra èyí tó tóbi tó. Káìtì tí ìbú apá rẹ̀ tó mítà 2.2 sí 2.4 kì í kánjú yí, ó ń fún ọwọ́ láyè. Àwọn tí kò tó mítà 1.5 rọrùn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n wọ́n yá ju ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá fáíbà kì í tètè kán, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ó sì le, òun ni àrà ń fẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé àrà lòun ń wá, kó má náwó sórí èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù etíkun. Àlòkù káìtì gidi sàn ju tuntun tí kò ní láárí lọ. Gemini tí Tim Benson ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àrà, kò sì sí ẹni tó máa kàbámọ̀ pé òun rí àlòkù rẹ̀ tó ṣì dára.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Fún ẹni tó ń kọ́ àrà, kìlómítà 12 sí 20 ní wákàtí kan ló dára jù. Bí ẹ kò bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, ẹ wo igi: bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá ń mì láìdúró, tí àsíá kékeré sì ń fẹ́ gbọọrọ, afẹ́fẹ́ ti tó. Nígbà tí eruku àti bébà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀, ó ti ń le. Ẹ lè fò ó, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan á yá sí i, ọwọ́ á sì máa dun yín.

Kì í ṣe pípọ̀ nìkan. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́, kó má máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ilé, igi àti ògiri ń da afẹ́fẹ́ rú lẹ́yìn wọn, ìdàrúdàpọ̀ náà sì máa ń lọ jìnnà tó ìlọ́po méje gíga wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí etíkun fi dára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ojú omi bọ̀. Ní Èkó, atẹ́gùn òkun tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá máa ń le lọ́sàn-án, ó sì máa ń dúró déédéé. Pápá bọ́ọ̀lù tí ilé yí ká kò ní fún yín ní irú rẹ̀ láéláé.

Ṣé òfin wà lórí ibi tí mo lè ti fò ó?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káìtì kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà 60 lọ láìgba àyè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju mítà 30 lọ ní agbègbè pápákọ̀ òfurufú. Okùn tiwa kì í sábà ju mítà 30 lọ, nítorí náà gíga kì í ṣe wàhálà wa. Síbẹ̀, ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú.

Wáyà iná ni ẹ̀rù tó ń bà mí jù, pàápàá ní àwọn ìlú wa tí wáyà ti kọjá lórí gbogbo òpópónà. Ẹ má ṣe fò ó nítòsí wáyà, ẹ má sì gbìyànjú láti yọ káìtì tó bá kọ́ wáyà. Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná, okùn tó bá sì tutù pẹ̀lú omi iyọ̀ náà ń gbé e. Bí òjò bá ṣú tàbí tí ẹ gbọ́ àrá, ẹ sọ káìtì kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ rí i pé kò sí ènìyàn kankan láàárín ẹ̀yin àti káìtì, kò sì sí lábẹ́ gbogbo ibi tí káìtì lè dé. Okùn tó bá ti le lè la awọ ara, ọmọ kékeré tó ń sáré lọ kò sì ní rí i.

Okùn irú wo ni kí n lò, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Dyneema ni, tàbí Spectra; ohun kan náà ni méjèèjì, ilé iṣẹ́ ló yàtọ̀. Kì í nà púpọ̀, ó fúyẹ́, ó sì ń yọ̀. Yíyọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí okùn méjèèjì máa ń lọ́ mọ́ ara wọn nígbà tí káìtì bá yí, síbẹ̀ wọ́n á ṣì máa yọ̀ kọjá lára ara wọn. Òwú ìránṣọ tàbí okùn náílọ̀n ọjà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo Kevlar, nítorí ó máa ń gé okùn ẹlòmíràn.

Mítà 25 sí 30 ni gígùn tó bá káìtì ńlá mu. Okùn tó lè gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 40 ti tó fún afẹ́fẹ́ tí mo sọ lókè. Ẹ lo èyí tó nípọn díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le. Okùn tó nípọn jù ń fa káìtì sẹ́yìn, ó sì ń wúwo nígbà tí a bá dẹ̀ ẹ́, àrà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá Dyneema. Ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 150 Celsius ló ń yọ́. Bí okùn yín bá dúró lójú kan, tí ti ẹlòmíràn ń fi eré gé e kọjá, á já kí ẹ tó mọ̀. Ẹni méjì tí okùn wọn bá kọ́ra gbọ́dọ̀ rìn súnmọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí okùn lè dẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa so okùn mọ́ ìjánu?

Ojóbó ni kí ẹ ta. Ẹ fi ojú okùn ṣe ojóbó, ẹ tì í kọjá kókó tó wà ní òpin okùn ìjánu, kí ẹ sì fà á le sẹ́yìn kókó náà. Bí káìtì bá ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ojóbó ń le sí i, bí ẹ bá sì fẹ́ tú u, kókó lẹ máa fà. Ẹ má ṣe ta kókó tààrà sára Dyneema láìní aṣọ okùn tó bò ó: ibi kókó yẹn gan-an ló máa já.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e sókè, kí n sì darí rẹ̀?

Ẹ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé káìtì dúró lórí ṣóńṣó apá méjèèjì, kí ó fẹ̀yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí okùn sì le. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn, ẹ fa ọwọ́ méjèèjì wá sí ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, á gbéra. Ẹ má ṣe na ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n nawọ́ ìbọn sí. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ikùn, kí ìgúnpá ká díẹ̀.

Láti yí i, ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ fa ọwọ́ kan, tàbí kí ẹ ti ọwọ́ kejì síwájú. Fífà ń fún un ní yíyí tó fẹ̀ tó sì yá. Títì ń fún un ní yíyí tó ṣẹ́ kọ́kọ́, láìsí pé ó yára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi oṣù gbáko fà láìtì rí. Ẹ kọ́ títì láti ọjọ́ kìíní, torí òun ni ìlẹ̀kùn gbogbo àrà.

Káìtì mi máa ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé ìjánu ni kí n tún tò?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, ìdáhùn mi kò sì yí padà: ẹ má fọwọ́ kan ìjánu títí ẹ ó fi wọn okùn. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí ẹnìkan bá ní káìtì òun ń ya, okùn tí kò dọ́gba ló sábà máa ń fà á. Káìtì á máa yí sí apá okùn tó kúrú.

Ẹ kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, ẹ fi ojú okùn méjèèjì kọ́ ọ, ẹ rìn dé òpin kejì, kí ẹ fà wọ́n pọ̀ pẹ̀lú agbára kan náà. Ẹ ó rí i kedere níbi ìdè ọwọ́, ohun tí ẹ fi ń di okùn mú: ọ̀kan á ti dé ọwọ́, èkejì á ṣì ku díẹ̀. Ẹ sún kókó èyí tó gùn, kí méjèèjì dọ́gba. Okùn tuntun máa ń nà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, méjèèjì kì í sì í nà bákan náà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ara tì í dáadáa lórí èèkàn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá okùn ni tàbí káìtì, ẹ pààrọ̀ okùn: kí ti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí apá kejì, okùn ni. Bí ó bá ṣì ń ya sí apá àtijọ́, ẹ wo káìtì: ọ̀pá tí kò wọlé tán nínú rọ́bà rẹ̀, ọ̀pá ìtì tó já, ọ̀pá apá tó ti sán, tàbí ẹsẹ̀ ìjánu tó lọ́ mọ́ ṣóńṣó. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ìjánu kàn.

Okùn mi ti lọ́ mọ́ra. Ìgbà wo ni kí n tú u?

Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dyneema tó mọ́ lè lọ́ ní ìgbà mélòó kan kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Kò sí ìdí láti dá káìtì dúró: ẹ yí káìtì padà ní ìhà kejì iye ìgbà kan náà, á tú. Bí yanrìn tàbí iyọ̀ òkun bá wà lára okùn, kì í yọ̀ mọ́. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ sì sá a.

Ọ̀pá kán. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ tún un rà ní ìwọ̀n kan náà gan-an, fífẹ̀ ojú rẹ̀ àti líle rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀pá tó le jù sí apá kan, káìtì á di ohun tí apá méjèèjì kò jọra, kò sì sí ìjánu tó lè ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ẹ máa fi ìka tẹ ọ̀pá apá láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tó le. Ibi tó bá dún tàbí tó rọ̀ ti sán.

Nígbà tí ẹ bá ń gé kábọ́ọ̀nù, ẹ bo imú, ẹ sì bo ojú. Ègún rẹ̀ tinrin, ó máa ń wọ awọ ara, kì í sì í tètè jáde. Ẹ fi omi fọ ọ̀pá tó gé kí erùpẹ̀ rẹ̀ má tú ká.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá gbé ojú ìso sókè tàbí sísàlẹ̀?

Bí ẹ bá gbé e sókè, sí ọ̀nà imú, imú á tẹ̀ síwájú sọ́dọ̀ yín. Káìtì á tètè gbéra nínú afẹ́fẹ́ kékeré, á máa yára, kò ní fà púpọ̀. Bí ẹ bá gbé e jù, á máa gòkè kọjá orí yín, okùn á dẹ̀, á sì sọ̀ lójijì.

Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, sí ọ̀nà ìdí, imú á fẹ̀yìn. Káìtì á fà sí i, á lọ́ra, á máa yí lójú kan, á sì rọrùn láti dá dúró lójú òfurufú. Ẹ sọ̀ ọ́ jù, kò ní gòkè rárá bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́. Àrà fẹ́ káìtì tó ń gbọ́ràn láti dúró, nítorí náà àwọn tó ń dárà sábà máa ń lò ó ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ẹni tó ń fi ìfò káìtì fa ìlà sójú òfurufú ń lò.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o. Kí ẹ tó sún un, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó wà láti ilé iṣẹ́, lápá méjèèjì. Ẹ sún un ní mìlímítà 3, kí òsì àti ọ̀tún jọra, kí ẹ fò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún sún un. Mìlímítà 3 kò jọ nǹkan kan lójú, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sún un ní sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í mọ ohun tó yí padà mọ́, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ta káìtì dáadáa nìyẹn, pé kò dára.

Sísún un wọlé tàbí síta ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ káìtì, bí ojú ìso bá súnmọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, yíyí á le, á kéré, káìtì á sì máa jó díẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó lọ tààrà. Bí ó bá súnmọ́ ọ̀pá apá, á lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n fa ìlà fún, yíyí rẹ̀ á sì fẹ̀. Mo máa ń fi èyí sílẹ̀ títí òkè àti ìsàlẹ̀ á fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Mo ti tò ó, ó ń lọ tààrà, ó ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n kò dárà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Okùn yín kò dẹ̀. Gbogbo àrà, láti kékeré dé ńlá, ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí káìtì bá bọ́ lọ́wọ́ okùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Tí okùn bá le, káìtì á kàn máa fò ni. Ọwọ́ tó bá ń fà gbọ́dọ̀ kọ́ láti fi sílẹ̀, èyí sì nira fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ju fífà lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídúró òjijì. Ẹ darí káìtì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìwọ̀n gíga ènìyàn méjì sí ilẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ tó ni apá ìsàlẹ̀ síwájú, kí imú kọjú sókè, kí ẹ sì ti ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e kíá kí méjèèjì dọ́gba. Káìtì á dúró, imú rẹ̀ lókè, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà yẹn ni ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dẹ okùn. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi lè dá a dúró ní òsì àti ní ọ̀tún, ẹ má sì wá àrà mìíràn kí èyí tó mọ́ yín lára.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe axel?

Axel ni kí káìtì dojú bolẹ̀, kó sì yí ká gbalaja bí àwo, kó tó tún dìde. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú eré orí yìnyín.

Ẹ dá káìtì dúró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ṣùgbọ́n kí imú má kọjú sókè tán. Kí apá kan ga díẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ dẹ okùn. Ẹ wá fi ọwọ́ tó ni apá tó ga fà á lẹ́ẹ̀kan, fìrì, kí ẹ sì dá ọwọ́ náà padà síwájú lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Fífà náà kúrú, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe é ju apá lọ. Bí ẹ bá wo ṣóńṣó apá tó rẹlẹ̀, ẹ ó rí i pé orí rẹ̀ ni gbogbo káìtì ti yí.

Bí ó bá yí dé ìlàjì tó sì dúró, ẹ kò dẹ okùn tó lẹ́yìn fífà: ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú. Bí ó bá kàn yí bí ìgbà tí ẹ ń darí rẹ̀, okùn ti le kí ẹ tó fà á. Bí ó bá ṣubú láìyí, ẹ fà á pẹ́ jù. Àìsàn mẹ́ta yìí ni mo máa ń rí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìjánu lè wò.

Okùn máa ń kọ́ ṣóńṣó apá nígbà tí mo bá ń gbìyànjú àrà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fà á. Okùn tó kọ́, bí ẹ bá fà á, ló ń ṣẹ́ ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀, kí ẹ fi ìdè ọwọ́ kọ́ èèkàn, kí ẹ rìn lọ tú u.

Láti dín in kù, ẹ fi ìka gba gbogbo etí káìtì: ibikíbi tí ìka bá ti kọ́, okùn náà á kọ́. Òpin okùn ìjánu tó yọ síta, ṣóńṣó ọ̀pá tí rọ́bà rẹ̀ ti jábọ́, rọ́bà etí tó yí sí ìta. Téèpù tín-ín-rín lé e lórí ti tó nígbà púpọ̀. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ yín: ẹ má dẹ okùn ju bí àrà ṣe fẹ́ lọ, kí okùn má baà rọ̀ sórí káìtì.

Fade àti turtle ń dàrú mọ́ mi lójú. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Nínú méjèèjì, káìtì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ikùn rẹ̀ kọjú sójú ọ̀run. Imú ni kí ẹ wò. Nínú turtle, imú kọjú kúrò lọ́dọ̀ yín. Nínú fade, imú kọjú sí yín.

Láti wọ turtle, ẹ dá káìtì dúró pẹ̀lú imú lókè, ẹ fa ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jù wọ́n síwájú. Imú á ṣubú sẹ́yìn. Ẹ fà méjèèjì, á dìde.

Láti wọ fade, ẹ jẹ́ kí káìtì máa bọ̀ sílẹ̀ tààrà, imú nísàlẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó dé ìlàjì gíga rẹ̀, ẹ ti ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì tẹ̀ lé wọn. Imú á wá sọ́dọ̀ yín, káìtì á sùn sẹ́yìn. Láti mú un dúró níbẹ̀, ẹ máa fa òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹni ń mì ọmọ tó ń sùn. Bí ẹ bá fa méjèèjì pọ̀, ó ti jáde.

Mo ti mọ ipò méjèèjì. Báwo ni mo ṣe máa yí wọn?

Bí ẹ bá yí káìtì ká nínú turtle, lazy susan nìyẹn. Ẹ fa ọwọ́ kan fẹ́ẹ́, kí ẹ sì dẹ okùn méjèèjì. Á yí gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rọrùn ju bó ṣe jọ lọ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni agbára: bí ẹ bá fà á jù, á dìde dípò kó yí.

Bí ẹ bá yí i ká nínú fade, backspin nìyẹn, òun sì fẹ́ agbára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káìtì tó ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ wọ fade, ṣùgbọ́n kó tó sùn tán, ẹ ti fa ọwọ́ kan gidi, ẹ sì ti jù ú sílẹ̀. Àkókò ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá dúró kí fade parí, ìsáré tó yẹ kó yí i ti lọ.

Ṣé kí n fi ìwúwo sí ìdí káìtì?

Bí axel yín bá ti dára, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀. Gíráàmù 6 sí 15 ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ń ran káìtì lọ́wọ́ láti yí imú sídìí: ó tètè wọ fade, ó ń dúró níbẹ̀, yo-yo sì rọrùn. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé káìtì á lọ́ra láti gbéra nínú afẹ́fẹ́ kékeré. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí ẹ tó ra èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Nínú yo-yo, káìtì ń yí imú kọjá sẹ́yìn títí okùn fi wé mọ́ ọ̀pá apá, á sì máa fò lọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tú u. Turtle tó jinlẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: imú ti ń kọjú sílẹ̀, ẹ fa ọwọ́ méjèèjì gidigidi, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Káìtì gbọ́dọ̀ ní ìdènà kékeré lára ọ̀pá apá tó ń di okùn mú. Láìsí wọn, okùn á yọ̀ lọ sí ṣóńṣó, á sì kọ́ ọ. Ẹ wo ibi tí okùn ń gbà kọjá kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n.

Flic-flac mi máa ń kú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ni mo ń ṣe tí kò dára?

Flic-flac ni kí káìtì máa ti fade bọ́ sí flare, kó sì padà sí fade, léraléra. Flare ni ipò tí ikùn wà nísàlẹ̀, tí imú sì kọjú kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe é pọ̀, fà, dẹ̀, fà, dẹ̀, ìlù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti káìtì mu. Ọ̀pọ̀ ń lu ìlù tiwọn, tí wọ́n ń retí pé káìtì á tẹ̀ lé wọn. Ẹ wo imú: nígbà tí ó bá ti yí kọjá ìlàjì, ẹ ti gbọ́dọ̀ dẹ okùn, kó lè fi agbára ara rẹ̀ parí ìyókù.

Káìtì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú flic-flac kọ̀ọ̀kan, torí náà láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má máa rìn síwájú ṣáá. Bí ẹ bá ń dẹ okùn pẹ̀lú ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tí okùn á fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fífà yín kò fi ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni kó dẹ̀ ẹ́, kí ẹsẹ̀ máa gba ohun tó ṣẹ́kù padà sẹ́yìn.

Bí ó bá ń kú ní fade nígbà gbogbo, ẹ fi gíráàmù díẹ̀ kún ìdí. Bí ó bá jẹ́ ní flare ló ń kú, tí káìtì ń ṣubú dojú bolẹ̀ láìpadà, ẹ dín agbára fífà àkọ́kọ́ kù, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yí padà, nígbà náà ni kí ẹ sún ojú ìso, mìlímítà 3 ní ọ̀nà kan, kí ẹ fò ó; bí ó bá burú sí i, kí ẹ gba ọ̀nà kejì. Ìjánu káìtì kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀ ní ibi yìí, àmì bírò tí ẹ fi sí i níbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó fi padà bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú.